Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ìpàdé Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí Nítòsí Yín

Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún la kọ ìwé yìí fún, àti ìyàwó, ọkọ, ọmọ tàbí òbí tó ń bá a fara dà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi Bíbélì tàbí Kùránì búra pé àwọn ò ní fẹnu kan ọtí mọ́, ṣùgbọ́n tí owó kòkó bá ti wọlé báyìí, wọ́n a tún padà sídìí paraga. Kì í ṣe pé kò wù wọ́n láti jáwọ́. Wọ́n ń dá a jà ni. Nínú ìpàdé, àwọn tí ọtí ti fojú wọn rí nǹkan lẹ máa bá jókòó, ẹ ò sì ní ṣàlàyé títí kí wọ́n tó gbà yín gbọ́.

Kí ẹ tó dá ọtí dúró

Ẹni tó ti ń mu ògógóró tàbí ọtí líle mìíràn lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìfi tó dókítà tàbí nọ́ọ̀sì létí. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn èyí tó mu kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, kí òógùn máa bò ó, kó má sì rí oorun sùn. Gìrì lè gbé e kí wákàtí 48 tó pé. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí, kó máa sọ ìsọkúsọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń rò pé àwọn ayé ló ń ṣe é, tí wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà. A bẹ̀ yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ó lè pa á, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn wà tó lè mú un kọjá níbẹ̀.

Ibi tí ẹ ti máa béèrè

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, ẹ má sì fọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Níbo ni àwọn tó ń jáwọ́ ti ń pàdé lágbègbè yìí?" Bí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí Àrò l'Ábẹ́òkúta, Yábà l'Ékòó tàbí UCH n'Íbàdàn. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè social worker wọn, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Àrò bà yín lẹ́rù. Wọ́n ń tọ́jú bárakú níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún 1954, láyé Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìbátan wọn gbé láwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú.

Ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ jù ni Alcoholics Anonymous, AA. Ọkùnrin méjì tí ọtí ti bá ayé wọn jẹ́, Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, ló dá a sílẹ̀ nílùú Akron ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935. Wọn kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀. Kó ṣáà ti wù yín láti jáwọ́, ó tó. Kí ọmọ yín bá yín wo aa.org lórí fóònù. Ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà ní aa-intergroup.org, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìpàdé a máa yí ibùdó padà, nítorí náà ẹ pe ẹgbẹ́ náà láago kí ẹ tó wọkọ̀.

Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀wọ̀n de èèyàn tàbí tí wọ́n ń nà wọ́n, ẹ má mú ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Lọ́dún 2019, ọlọ́pàá tú ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹgbẹ́ AA lè máa lo gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kì í ṣe ìsìn. Mùsùlùmí á lọ, Kìrìsítẹ́nì á lọ, oníṣẹ̀ṣe náà á lọ. Orúkọ kan ṣoṣo tó, ẹ sì lè jókòó kí ẹ máa gbọ́ títí tí wọ́n á fi parí. Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí. Bí ojú bá ń tì yín nílùú yín, ẹ lọ sí ti ìlú kejì. Ìpàdé kan wà fún gbogbo èèyàn, òmíràn wà fún àwọn tó ń jáwọ́ nìkan. Ẹ béèrè kí ẹ tó mú ìyàwó tàbí ọkọ yín dání.

Ẹ ṣírò ọjọ́ ọjà pẹ̀lú. Ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ ni ìpàdé sábà máa ń bọ́ sí, ọjà ọrọọrún sì ń yí kiri, àwọn méjèèjì á máa forí gbárí. Lójú tiwa, ìpàdé ni kí ẹ mú, torí ọjọ́ ọjà gan-an ni ọtí ń pọ̀ jù.

Bí kò bá sí ìpàdé nítòsí

Ẹ lè dá a sílẹ̀. Ìlànà AA fúnra rẹ̀ sọ pé èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó péjọ nítorí àtijáwọ́ lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́. Ẹ tọrọ àyè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn abúlé tàbí kíláàsì ilé ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde. Ẹ fi ọjọ́ àti aago sí i, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́ nítorí pé èèyàn kan ṣoṣo ló wá. Ẹ má sọ ọ́ di àjọ owó.

Ẹbí náà nílò ẹni tí wọ́n á bá sọ̀rọ̀. Al-Anon, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1951, wà fún àwọn ìbátan, kódà bí ẹni tó ń mutí kò bá tíì gbà láti jáwọ́. Nínú ilé, ẹ ṣọ́ àgbo. Ògógóró ni ọ̀pọ̀ alágbo ń rẹ jẹ̀dí àti ọ̀pá ẹ̀yìn sí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ti jáwọ́ sì ń gbà padà. Ẹ má gba àgbo kankan láìbéèrè ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ó tún mu, ẹ má lé e nílé, ẹ má sì lọgun lé e lórí láàárín àdúgbò. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni kó lọ. AA kì í lé ẹni tó ṣubú.