Bí mo ṣe tún ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ open source wa ṣe ní Yábàá

Sọ́fítíwia kékeré kan la jọ ń kọ ní Yábàá: ìwé àjọ tí alájọ lè máa lò lórí fóònù dípò káàdì. Open source ni. Ẹni tó bá wù ú lè ka kóòdù rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ìyá tó ń tajà ní Tejúoṣó ló ń lò ó jù, síbẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. GitHub, ojúlé orí ayélujára tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia ń kó kóòdù wọn sí, ṣe ìwádìí ní 2017 láàrin àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé. Nínú àwọn tó dáhùn, ọkùnrin jẹ́ 95 nínú ọgọ́rùn-ún, obìnrin jẹ́ 3. Mo ní kí wọ́n gbé àtúnṣe tiwa lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì gbà.

Òfin ìwà ni mo kọ́kọ́ mú. Contributor Covenant ti wà nílẹ̀, èyí tí Coraline Ada Ehmke kọ ní 2014, tí àwọn tó ń kọ Linux, ìyẹn open source ńlá tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, pàápàá gbà ní 2018, nítorí náà mi ò dá òmíràn sílẹ̀. Mo tú u sí Yorùbá ni. Ibi tó gba àròjinlẹ̀ ni ẹni tí wọ́n máa fẹjọ́ sùn. Òfin tí kò ní ẹni tó máa gbẹ́jọ́, ìwé lásán ni. A fi orúkọ obìnrin kan àti ọkùnrin kan síbẹ̀, a sì kọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Mo ta kú pé olórí iṣẹ́ wa kò gbọdọ̀ sí lára àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ òun gan-an ló ṣẹ èèyàn ńkọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé ìpàdé wa kúrò lórí fídíò, a wá ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe é. Dátà ló wọ́n tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ arábìnrin kan tó jẹ́ adití dara pọ̀ mọ́ wa lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì ń bá wa fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ń dúró de àyè rẹ̀ tipẹ́.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù dé nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan láti Súrùlérè, tí kò ríran, sọ pé òun fẹ́ bá wa kọ kóòdù. NVDA ló ń lò, sọ́fítíwia tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ọ̀fẹ́ ni, open source sì ni òun náà: Michael Curran, ẹni tí kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2006. Mo jókòó tì í. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dijú, ẹ kàn máa gbọ́." Ó ń tẹ Tab lórí kíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń gbé èèyàn láti bọ́tìnì kan dé òmíràn, kọ̀ǹpútà ń wí pé "button", "button", "button". Bọ́tìnì tó ń kọ owó sílẹ̀ àti èyí tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́, bákan náà ni wọ́n ń dún. Owó olówó ni a ń sọ o! Tab tiẹ̀ fo àwọn mìíràn kọjá, torí pé div ni wọ́n fi ṣe wọ́n, àpótí lásán nínú kóòdù tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ sí bọ́tìnì.

A yọ gbogbo div bẹ́ẹ̀, a fi button gidi rọ́pò wọn. Èyí tó jẹ́ àwòrán nìkan, a fún un ní aria-label, àkọlé tí ojú kì í rí àmọ́ tí NVDA ń kà, tó sọ iṣẹ́ rẹ̀: "Kọ owó òní sílẹ̀", "Pa á rẹ́". Ojú ìwé àjọ fúnra rẹ̀ ló le jù. Bíi ti káàdì, àpótí 31 ló ní. Èyí tí owó rẹ̀ bá ti wọlé á di àwọ̀ ewé, èyí tí owó rẹ̀ kò tíì wọlé á pupa. Ta ló máa gbọ́ àwọ̀? A kọ "ó san" àti "kò tíì san" sínú wọn, èyí sì wúlò fún ẹni tó ń ríran ṣùgbọ́n tí kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára ewé. Ọ̀dọ́kùnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ apá tó mú kí NVDA máa pe orúkọ ẹni àti ọjọ́ ṣáájú iye owó. A yẹ̀ ẹ́ wò, a jiyàn díẹ̀ lórí rẹ̀, a gbà á wọlé. Láti ìgbà náà, kò sí àtúnṣe ojú ìwé tó ń wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan ti fi kíbọ́ọ̀dù nìkan lò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í rọrùn fún ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Outreachy, ètò tó jáde láti inú GNOME (iṣẹ́ open source ńlá kan), tó ń sanwó fún àwọn tí a kì í sábà rí nínú open source kí wọ́n lè fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́. Àwa ò lówó tó bẹ́ẹ̀. A dá àjọ láàrin ara wa, inú sọ́fítíwia wa la sì ń kọ ọ́ sí. Owó dátà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé la kọ́kọ́ ń yọ nínú rẹ̀. Oṣù tó kọjá la fi owó ọkọ̀ kún un.