Ẹ má tíì sọ pé "Á gbé e": bí ẹni tó ń ta inverter ṣe ń mọ ọjà rẹ̀

Bí ẹni tuntun bá dé ṣọ́ọ̀bù wa ní Alábà, a kì í jẹ́ kó ta nǹkan kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Páálí ni yóò máa kà. Iye owó àti ibi tí a kó ọjà sí kò le, ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Kó wá ìwé kékeré kan, kó máa kọ iye wátì tó bá rí lẹ́yìn ọjà kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù. Bátìrì fóònù kì í kú àfi ìgbà tí oníbàárà bá dúró síwájú yín.

Kó máa wo volt pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n kọ 220 sí 240 volt, 50 Hz sí lára ló bá iná wa mu. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 120. Bí wọ́n bá kì í bọ iná wa lásán, èéfín ló máa kọ́kọ́ yọ.

Inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ló ń kó wa sí wàhálà. Ìyá kan á wọlé, á ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí máa gbé fíríìjì mi?" Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ò tíì mọ irú fíríìjì tó jẹ́, ó ti dáhùn: "Á gbé e, Mọ́mì!" Ẹnu yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Obìnrin kan gbé tiẹ̀ padà wá láti Festac lọ́jọ́ kejì, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì. Gbogbo láìnì wa ló gbọ́. Inverter náà ò sì bàjẹ́ o, ẹrù tí wọ́n ní kó gbé ló pọ̀ jù fún un.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè gbogbo ohun tó fẹ́ kó gbé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá mọ wátì wọn, kó pe ilé, kí ọmọ kan ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn wọn ránṣẹ́. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti pa rẹ́, ẹ wo irú rẹ̀ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi díẹ̀ lé e.

Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára páálí inverter kì í ṣe wátì, kVA ni. 1 kVA, 800 wátì ni lára èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ ti kà á, páálí máa ń pọ́nra. Mo máa ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀, ó ku 640. Fíríìjì 150 wátì kò sì jẹ́ 150 nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ta. Ìgbà yẹn gan-an ni inverter ń han. Ìlọ́po mẹ́ta ló kéré jù lọ́dọ̀ tèmi: 450. Fáànù méjì, 140. Tẹlifíṣọ̀n, 100. Ó ti di 690, ó ti ju 640 lọ. Ẹ gbé èyí tó tóbi jù ú lọ sílẹ̀ fún un. Ní ti áyọ̀ọ̀nù àti kẹ́tùrù, ẹ sọ fún un pé rárá kó tó sanwó.

Wọ́n á béèrè wákàtí mélòó. Bátìrì olómi kan, 12 volt, 200 Ah (Ah ni wọ́n fi ń ka iye iná tó lè gbà): ẹ sọ 12 di ìlọ́po 200, ó jẹ́ 2,400 wátì-wákàtí. Ìdajì rẹ̀, 1,200, ni mo ń kà, torí bátìrì olómi tí wọ́n bá ń lò gbẹ kì í pẹ́ láyé. Bí àwọn ẹrù òkè yìí bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí fíríìjì sì ti padà sí 150, 390 wátì ni wọ́n ń jẹ. Wákàtí mẹ́ta ni mo máa ń pè é, n kì í pè é ní mẹ́rin. Bátìrì lithium ṣe é lò jù bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún.

Gílóòbù àtijọ́ 100 wátì ni kẹ́ ẹ fi dán inverter wò lójú oníbàárà. LED fúyẹ́ jù, kì í fi àṣírí hàn.

Òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ gba oníbàárà láyè láti dá ọjà padà bí kò bá ṣe iṣẹ́ tó sọ fún yín pé òun fẹ́ fi ṣe. Nítorí náà, mo máa ń kọ gbogbo ẹrù tó dárúkọ sẹ́yìn rísíìtì, àwa méjèèjì á fọwọ́ sí i, n óò sì mú ẹ̀dà kan.