Tí àwọn àna yín ará Ṣáínà bá pè yín síbi ibojì: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Bí oṣù kẹrin bá ti ń wọlé bọ̀, ọmọ Yorùbá tí ó ń fẹ́ ará Ṣáínà, ìbáà jẹ́ ní London tàbí ní Guangzhou, lè gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan pé, "Wọ́n ní kí o bá wa lọ sọ́dọ̀ Bàbá àgbà." Bàbá àgbà ọ̀hún sì ti kú tipẹ́. Ibojì rẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Qingming ni wọ́n ń pe àsìkò náà. Ọjọ́ kẹrin tàbí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ni ó sábà máa ń bọ́ sí. Ẹbí á kó ara wọn jọ, wọ́n á ro koríko orí ibojì, wọ́n á fọ òkúta rẹ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú òkú, wọ́n á tan tùràrí, wọ́n á sì jọ jẹun. Láti ọdún 2008 ni ó ti di ọjọ́ ìsinmi káàkiri Ṣáínà, ó sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní Hong Kong, Macau àti Taiwan pẹ̀lú. Ìdílé ìyàwó mi, tí àwọn baba ńlá wọn wá láti Fujian ní Ṣáínà kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Penang ní Malaysia, Cheng Beng ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá pè síbẹ̀, wọ́n fẹ́ fi í han àwọn òkú wọn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn wa pé kí wọ́n má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ má dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn títí ẹ ó fi dé ibojì

Àṣìṣe tí ó burú jù kì í bẹ̀rẹ̀ ní ibojì, ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí tí ara ń fu á gbà láti lọ, kò ní sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n bá na tùràrí sí i ni yóò fà sẹ́yìn, tí yóò káwọ́ gbera, tí yóò máa pe ẹ̀jẹ̀ Jésù tàbí "aúsù bílláhì" lábẹ́ ètè. Àwọn àgbà ibẹ̀ kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò lè ka ojú ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ kọ̀ láti kí baba wọn.

Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ ń fẹ́ kí ọjọ́ tó pé, kí ó sì bá yín sọ ọ́ fún àwọn òbí rẹ̀. Ẹ má kàn ní "mi ò lè ṣe é", kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ tí kò kan tùràrí: koríko ń bẹ láti fà, ewé ń bẹ láti gbá, omi ń bẹ láti pọn gòkè. Ẹ lè gbé òdòdó síbẹ̀, kí ẹ tẹ orí ba, kí ẹ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé Onígbàgbọ́ ní Ṣáínà fúnra wọn ń ṣe náà nìyẹn.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ìjọ Kátólíìkì bá a fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Póòpù Clement Kọkànlá ka àṣà náà léèwọ̀ ní 1715, Benedict Kẹrìnlá tún fi òǹtẹ̀ lu èèwọ̀ náà ní 1742. Ó di oṣù kejìlá ọdún 1939, ní ìgbà Pius Kejìlá, kí Róòmù tó gbà pé Kátólíìkì lè tẹ orí ba níwájú òkú tàbí àwòrán rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ̀ ọmọlúàbí. Àwọn ìjọ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹ bi àlùfáà, pásítọ̀ tàbí ààfáà yín léèrè nígbà tí àyè ṣì wà.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń bẹ: ẹni tí ó fẹ́ kí àna fẹ́ràn òun tí ó wá ṣe àṣejù. Ó na gbalaja lórí ilẹ̀ ibojì, tàbí ó yọ ìgò ọtí jáde láti inú àpò rẹ̀ tí ó ń ta á sílẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tí ó ní kí ó ta á. Ìdọ̀bálẹ̀ tiwa kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó wà ní ìdúró á fi ọwọ́ méjèèjì di tùràrí mú, á tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó bá kúnlẹ̀, iwájú orí ló máa fi kan ilẹ̀. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ yín nínú ẹbí bá ṣe ni kí ẹ ṣe, lẹ́yìn tí àwọn àgbà bá ti ṣe tiwọn tán.

Ọjọ́, aṣọ àti ohun tí ẹ ó mú dání

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin nítorí pé ẹ rí i nínú kàlẹ́ńdà. Ní Penang, ẹbí lè mú ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú àti ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, Sunday ni ó sì sábà máa ń jẹ́, láfẹ̀mọ́júmọ́, kí oòrùn tó mú.

Ẹ má pe ara yín síbẹ̀ o. Ìdílé kan á ní ẹni tí ọmọ àwọn ń fẹ́ ti di ọmọ àwọn. Òmíràn á ní ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó kò gbọdọ̀ di tùràrí mú. Àwọn kan kì í jẹ́ kí aboyún bá wọn lọ. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró sílé, ẹ má fi ṣe ìjà.

Ní tiwa, bí ayẹyẹ ẹbí bá ti dé, léèsì tí ó ń dán yanran ni ọkàn ń lọ sí. Ẹ gbé e tì. Aṣọ pupa jẹ́ ti ìgbéyàwó àti ọdún tuntun wọn. Ẹ wọ aṣọ tí kò pariwo, àti bàtà tí ẹ lè fi gun òkè, nítorí ara òkè ni ọ̀pọ̀ ibojì àtijọ́ wọn wà.

Ọsàn dára láti mú lọ, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ mẹ́rin. Nọ́ńbà yẹn ń mú wọn rántí ikú. Òdòdó chrysanthemum funfun tàbí yẹ́lò tọ́ sí ibojì. Ẹni tí ó bá fà á lé ìyá àgbà lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé ti fi òdòdó òkú kí alààyè. Ẹ má sì kó owó sínú àpò ìwé funfun wá. Ìsìnkú ni wọ́n ń mú un lọ.

Ó máa ń dun àwa Yorùbá tí a kò bá rí nǹkan fi kí ènìyàn. Ẹ má ṣe wá "ẹ kú ọdún" Qingming kiri, kì í ṣe ọdún aláyọ̀. Kì í sì í ṣe ọ̀fọ̀, nítorí náà ẹ fi "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" sílẹ̀. Orúkọ ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí ni kí ẹ kọ́ sórí, torí ìyá bàbá àti ìyá ìyá kì í jẹ́ orúkọ kan náà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá pe ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ gan-an ti já ara rẹ̀ kulẹ̀.

Ní orí ibojì

Ẹ má kọjú sí òkúta ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibojì àwọn ará ìhà gúúsù Ṣáínà, òkúta kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó jẹ́ ti ẹ̀mí tí ó ni ilẹ̀ náà. Ó ní tùràrí àti oúnjẹ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì máa ń kọ́kọ́ kí i kí wọ́n tó kí òkú wọn. Ìdọ̀tí tí ẹ ro kúrò, ẹ má dà á síwájú òkúta kékeré yìí.

Ilẹ̀ tí ó yọ gegele lẹ́yìn òkúta ńlá, òkú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má gùn ún nítorí fọ́tò. Apá méjì tí ó na wá síwájú bí ọwọ́ àga kì í ṣe ìjókòó. Tí ẹ bá sì tan tùràrí, ẹ má fi ẹnu fẹ́ iná rẹ̀ pa, ọwọ́ ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ.

Ọ̀kan wà tí kì í sábà wá sọ́kàn àlejò. Bí ọ̀dà ara òkúta bá ti ṣí, wọ́n máa ń tún un kùn, wọ́n sì lè fún yín ní búrọ́ọ̀ṣì kí ẹ bá wọn ṣe. Ní ibojì tọkọtaya, wọ́n lè ti gbẹ́ orúkọ ẹni tí ó ṣẹ́kù sílé ayé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tí ó ti lọ. Ọ̀dà pupa ni wọ́n ń fi kun orúkọ alààyè. Ẹ bi wọ́n léèrè àwọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ òkú kun orúkọ ìyá àgbà tí ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní tán bọ̀rọ̀.

Àgbà kan lè máa bá òkú sọ̀rọ̀ sókè, kí ẹ sì gbọ́ orúkọ tiyín láàárín rẹ̀. Ó ń fi yín hàn ni. Ẹ dúró dáadáa, kí ẹ tẹrí ba.

Oúnjẹ

Adìyẹ bíbọ̀ lódindi, ìrẹsì, èso, ife tíì àti ife ọtí ni ẹ ó rí. Òkú ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Ẹ má mú nǹkan kan níbẹ̀ jẹ, kódà bí ebi bá ń pa yín, títí wọn ó fi ní ó ti tó. Ní ìdílé ìyàwó mi, pákó kékeré méjì pupa ni wọ́n fi ń bèèrè bóyá àwọn baba ti jẹun tán. Ó rí bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ikùn rẹ̀ tẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ wú. Wọ́n á dà á sílẹ̀. Tí ọ̀kan bá dojú dé tí èkejì ṣíjú, ó fọ̀ ire. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń da obì kò nílò àlàyé púpọ̀. Mo wo ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi tí ó dà á, méjèèjì dojú dé. Kò sọ nǹkan kan, ó bu ọtí kún àwọn ife náà, ó dúró díẹ̀, ó sì tún un dà. Irú àkókò yẹn kọ́ ni àlejò ń rẹ́rìn-ín tàbí tí ó ń palẹ̀ àwo mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó jẹun, ẹ má kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Guangdong àti Hong Kong máa ń gbé odidi ẹlẹ́dẹ̀ sísun lọ, wọ́n á gé e fún gbogbo ẹbí. Mùsùlùmí tí ó bá ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, èso ni wọ́n á fún un, yóò sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú wọn. Nínú abọ́ ti ara yín, ẹ má ki igi ìjẹun méjèèjì dúró ṣánṣán sínú ìrẹsì. Bí wọ́n ṣe ń gbé e fún òkú nìyẹn.

Owó bébà àti iná

Wọ́n máa ń sun owó bébà kí òkú lè ní ohun tí yóò ná, àti aṣọ, ilé, ọkọ̀, kódà fóònù tí wọ́n fi bébà ṣe. Ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ẹ má sì fi iná sílẹ̀ kó máa jó fúnra rẹ̀: lọ́dọọdún ni iná orí òkè ń yọ Hong Kong lẹ́nu ní àsìkò yìí. Ọ̀pọ̀ itẹ́ òkú ní àwọn ìlú ńlá Ṣáínà ni kò gba iná mọ́ rárá, òdòdó ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Tí ìdílé yín bá jẹ́ èyí tí ń gbé òdòdó lọ, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé bébà ni ó yẹ.

Fọ́tò, ẹ bèèrè kí ẹ tó yà á. Òkúta ibojì ẹlòmíràn tí ó wà lẹ́yìn yín kò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp.

Tí wọ́n bá tún pè yín fún Chung Yeung, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn, ìlànà kan náà ni ẹ ó tẹ̀ lé. Oṣù keje ni ó yàtọ̀, nítorí àwọn òkú tí kò ní ẹbí náà ni wọ́n ń bọ́ nígbà náà. Ní Singapore àti Malaysia, ìlà àga iwájú níbi eré orin oṣù keje kì í ṣe ti ènìyàn, ẹ má jókòó síbẹ̀. Tí ẹ bá sì rí oúnjẹ àti tùràrí ní ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ yà fún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ré e kọjá.