Bí Mo Ṣe Ka Síláìdì Àpò Ìtọ̀ Kan

Ẹran tí wọ́n gé nínú àpò ìtọ̀ ọkùnrin kan ni ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́, pé kí n kà á, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀ kí òun tó wò ó. Ìwé tí dókítà fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde tipẹ́, àti pé iṣẹ́ ẹja pípa ni ó ń ṣe. Ẹni tó bá mọ agbègbè omi tí wọ́n sé ní Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, yóò ti fura sí àtọ̀sí ajá, àrùn tí a ń kó nínú omi, kó tó gbé ojú lé máíkírósíkóòpù. Kòkòrò tí ń fa àrùn náà, Schistosoma haematobium, ni IARC, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, kà mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn ní ọdún 1994. Nítorí náà, ohun méjì ni mo ń wá lórí síláìdì kan ṣoṣo, ìyẹn awẹ́ dígí tí wọ́n tẹ́ ẹran náà lé: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara rán jáde láti bá kòkòrò jà, àti jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti fi fọ́málíìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, tọ́jú ẹran náà, wọ́n ti rì í sínú ìda, wọ́n sì ti rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi máíkírómítà 4 sí 5 (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan). Aró méjì ni wọ́n fi kùn ún: haematoxylin tí ń sọ núkílíọ́sì, ìyẹn kókó inú sẹ́ẹ̀lì, di búlúù dúdú, àti eosin tí ń sọ ìyókù sẹ́ẹ̀lì di pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Lẹ́ńsì 4, tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́rin, ni mo kọ́kọ́ fi wò ó, mo sì pẹ́ níbẹ̀. Ó máa ń wu àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ láti sáré yí i sí 40, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí sẹ́ẹ̀lì dúró sí ń sọ̀rọ̀ ju bí ìrísí rẹ̀ ti rí lọ. Ní apá kan, ààlà tó wà láàárín ìbòrí àpò ìtọ̀ àti ẹran abẹ́ rẹ̀ mọ́ kedere. Ní apá kejì, ààlà náà ti pòórá, agbo sẹ́ẹ̀lì sì ti wọlẹ̀ lọ.

Lẹ́ńsì 10 ló fi ẹyin kòkòrò hàn mí. Ẹyin náà gùn tó máíkírómítà 110 sí 170, ẹ̀gún kan sì yọ ní ìdí rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ni ti Schistosoma mansoni máa ń wà. Púpọ̀ nínú wọn ti le gbagidi, aró sì ti sọ wọ́n dúdú.

Yí ẹyin náà ká, nígbà tí mo dé lẹ́ńsì 40, eosinophil ló pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bá kòkòrò jà: núkílíọ́sì rẹ̀ pín sí méjì, hóró pupa rírẹ̀dòdò sì kún inú rẹ̀. Lymphocyte kéré, ó ṣe róbótó, núkílíọ́sì dúdú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè. Plasma cell jọ ọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti núkílíọ́sì tirẹ̀ sí, ibi tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Àwọn macrophage mìíràn, sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìdọ̀tí mì, ti para pọ̀ di sẹ́ẹ̀lì ńlá kan tó ní núkílíọ́sì rẹpẹtẹ. Neutrophil, tí núkílíọ́sì tirẹ̀ máa ń pín sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò pọ̀ àfi níbi tí ojú ìbòrí ti di egbò.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni ìbòrí tó wà nítòsí ìjà yìí. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní jẹjẹrẹ níbẹ̀ náà máa ń wú, núkílíọ́sì rẹ̀ a tóbi, a sì máa rí àwọn tó ń pín sí méjì, débi pé ẹni tó bá ń kánjú lè pè é ní jẹjẹrẹ. Ohun tí mo gbára lé ni pé wọ́n ṣì jọra wọn, wọ́n ṣì tò sórí ìlà, wọn kò sì ré ààlà kọjá. Àwọn tó wọlẹ̀ lọ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: núkílíọ́sì kan tóbi ju òmíràn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, etí wọn rí wúruwùru, mo sì rí ọ̀kan tó ń gbìyànjú láti pín sí mẹ́ta dípò méjì. Okùn tín-ín-rín so wọ́n pọ̀ mọ́ra, láàárín wọn sì ni kẹ́rátínì, irú èròjà líle tó wà nínú èékánná, ti ká róbótó, ìpele lórí ìpele, bí àlùbọ́sà tí a gé láàárín. Àmì squamous cell carcinoma nìyẹn, oríṣi jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tí àtọ̀sí ajá sábà máa ń fà.

Ó kù kí n mọ bó ṣe jìn tó. Mo tọ àwọn agbo náà títí mo fi bá wọn láàárín ìdì iṣan tó nípọn, tí ń fún ìtọ̀ jáde. Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí, nítorí bí jẹjẹrẹ bá ti wọ inú iṣan yẹn, híha á kúrò láti ojú ìtọ̀ nìkan kì í tó mọ́.

Mo kọ orúkọ jẹjẹrẹ náà, ìjìnlẹ̀ rẹ̀, ẹyin tí mo rí àti irú sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká. Ọ̀gá mi béèrè bóyá jẹjẹrẹ náà ti wọ inú òpó ẹ̀jẹ̀. Mo padà sí lẹ́ńsì 10, mo yẹ gbogbo etí agbo wò, jẹjẹrẹ kankan kò sí nínú òpó tó wà lórí síláìdì náà, mo fi èyí kún ìwé, a sì fọwọ́ sí i.