Bí mo ṣe gba ìtàn ìbọn Làìbéríà lẹ́nu Bàbá mi

Sátidé mẹ́ta ni mo fi lọ sọ́dọ̀ Bàbá mi ní Kubwa, ní Àbújá, kí iṣẹ́ yìí tó parí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà tipẹ́. Wọ́n wà lára àwọn tí Nàìjíríà rán lọ sí Làìbéríà nígbà ogun abẹ́lé ibẹ̀ pẹ̀lú ECOMOG, ìyẹn ọmọ ogun ECOWAS tó lọ pẹ̀tù síjà, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi bí wọ́n ṣe gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé fóònù síwájú wọn kó máa gba ohùn sílẹ̀. Mo ti ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Bàbá nà ró bí ẹni tó ń dá ọ̀gá lóhùn: “A ṣe ohun tí wọ́n rán wa.” Ó tán. Lọ́sẹ̀ kejì mo ra kílíṣí dání, mo fi fóònù sápò, mo mú bíróò. Ẹnu wọn ṣí.

Ọdún ló wá dojú rú. Wọ́n ní lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Kútọnu ni wọ́n gba ìbọn náà, ìyẹn 1993, àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kò bá a mu. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti bí àbúrò mi obìnrin nígbà náà. “Ó ti ń rìn kí n tó lọ!” Ọmọ 1995 ni. Ó yé mi wàyí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ECOMOG gba ìbọn, ìkejì ni Bàbá wà níbẹ̀. Tàkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 1994, ó sì fọ́ yángá: ta ni yóò kọ́kọ́ ju ìbọn sílẹ̀ nígbà tí tọ̀tá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìkejì tẹ̀lé àdéhùn tí wọ́n ṣe níbí, ní Àbújá, ní oṣù Kẹjọ 1996, lẹ́yìn tí ogun ti run Monrovia ní oṣù Kẹrin. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 22 oṣù Kọkànlá, ó parí ní oṣù Kejì 1997. Ọ̀gágun Victor Malu ni ọ̀gá ECOMOG nígbà náà.

Ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ mú ìbọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí 100 ọta dání. Wọn á kọ orúkọ rẹ̀, wọn á fún un ní káàdì. Ọ̀rọ̀ ọta yìí ni Bàbá pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Wọ́n ní àwọn kan á pín àpótí ọta kan láàárín ara wọn, oníkálukú á wá gba káàdì tirẹ̀. Mo wo àkọsílẹ̀: nǹkan bí 24,500 jagunjagun ló wá, ìbọn kò ju 10,000 àti díẹ̀ lọ. Mo fi hàn wọ́n. “Ṣé o rò pé a ò mọ̀ ni? Èyí tí wọ́n gbé wá la gbà. Ìyókù, a wá a kiri inú igbó àti inú ilé.”

Ó lé ní 4,000 ọmọdé nínú àwọn tó wá. Bàbá dárúkọ ọ̀kan tí ìdí ìbọn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tó bú sẹ́kún nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n yọ, orúkọ ọmọ yẹn.

“Á ti bímọ báyìí.”