Láísẹ́ǹsì Ọtí ní Lọ́ńdọ̀nù: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Ẹni tó bá sọ fún yín pé £190 ni wọ́n ń gba láísẹ́ǹsì ọtí fún ilé oúnjẹ kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán. £190 ni kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ń gbà lóòótọ́ lórí irú ṣọ́ọ̀bù tèmi, tí ìjọba díye lé láàárín £4,301 sí £33,000. Láti 2005 ni wọ́n ti fi owó náà lélẹ̀, wọn ò sì tíì fi kún un. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni owó ìkéde inú ìwé ìròyìn. Ìkéde kan ṣoṣo, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, gbowó ju ìlọ́po méjì ohun tí kánsù gbà lọ. Wọ́n sì tún tẹ̀ ẹ́ lódì! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Ẹ máa fara balẹ̀ fún mi, inú ṣì ń bí mi.

Tẹ́lẹ̀, ìwé àṣẹ ọtí onígbà díẹ̀ ni mo ń gbà tí òde bá wà. £21 ni, kò gbọdọ̀ ju èèyàn 499 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ kánsù ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 ó kéré tán kí òde tó kò. Àwa Yorùbá la ó wá mọ ọjọ́ iṣẹ́ 10? Ẹni tó ti yan aṣọ ẹbí láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ ló máa tó rántí pé èèyàn máa ń mutí lóde. Bí obìnrin kan ṣe wá bá mi nìyẹn fún àádọ́ta ọdún ọkọ rẹ̀. Òfin gba kéèyàn fi ìwé tó pẹ́ sílẹ̀, bí ọjọ́ iṣẹ́ bá ṣì ku márùn-ún sí mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́pàá tàbí àwọn tó ń rí sí ariwo lọ́dọ̀ kánsù bá ti lè sọ pé àwọn ò fẹ́, ó tán nìyẹn. Ẹ ò ní lọ wí tẹnu yín níwájú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń rí sí ariwo yìí ní àwọn ò fẹ́. Mo dá owó ọtí obìnrin náà padà, bíà tí mo ti kó sínú fíríìjì ń wò mí, gbogbo àlejò ń mu mọ́ọ̀tì bí ẹni pé ìkómọ ni wọ́n wá. Ọkọ obìnrin náà ò kí mi dáadáa títí di òní.

Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo fẹ́ gba èyí tó máa wà títí.

Bàbá kan máa ń wá jẹ àmàlà lọ́dọ̀ mi ní Sátidé. Ó ti wà ní ìlú yìí láti ìgbà tí Thatcher ń ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó gbọ́ pé mò ń ráhùn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin ò tíì rí nǹkan kan. Láyé tiwa, tí aago mọ́kànlá alẹ́ bá ti lù, wọ́n á lu agogo nílé ọtí, kálukú á gbé ife rẹ̀ mì, ó dilé. Iwájú adájọ́ lẹni tó bá fẹ́ ta ọtí sì ń lọ.” Òótọ́ ló sọ. Òfin láísẹ́ǹsì 2003, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 24 November 2005, ló gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ àwọn adájọ́ májísíréètì tó gbé e fún kánsù, òun náà ló sì jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan lè tọrọ wákàtí tó wù ú. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ń wọn ìwé yín: kí ìwà ọ̀daràn má ṣẹlẹ̀, kí ara àwọn èèyàn wà láìléwu, kí ariwo má di àdúgbò lọ́wọ́, kí ohun burúkú má bá ọmọdé. Ìbéèrè yòówù kí òṣìṣẹ́ kánsù bi yín, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ló wà nídìí rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù kò le. Àbúrò mi ọkùnrin bá mi kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń pè mí ní “Sisí mi” títí a fi parí. Láísẹ́ǹsì tara ẹni tí olùtọ́jú ọtí, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó títa ọtí ní ṣọ́ọ̀bù, gbọ́dọ̀ ní náà kò le: ẹ ó kẹ́kọ̀ọ́, ẹ ó ṣe ìdánwò oníbéèrè 40, tí ẹ bá gba 28 ẹ ti yege, ẹ ó san £37. Tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ti pa ìyẹn rẹ́ ní 2015. Láti April 2017 ni wọ́n sì ti ń béèrè ìwé pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí, nítorí náà ẹ má fi páálí yín sọ́nà jíjìn.

Lẹ́yìn náà ló kan ìkéde. Oríṣi méjì ni. Èkínní, ẹ ó lẹ ìwé aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n A4, tí lẹ́tà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ìwọ̀n 16 ti kọ̀ǹpútà, sí ibi tí ẹni tó ń kọjá lóde ti lè kà á, fún ọjọ́ 28, láìjá. Àwọn kan ya tèmi lóru. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, èyí tó bá ya ni mo máa ń fi tuntun rọ́pò lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kánsù dé tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wíwò lókè wíwò nílẹ̀, mo kó fọ́tò lé e lọ́wọ́ tòun ti déètì. Ẹnu rẹ̀ wọlé. Ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Èkejì ni ìwé ìròyìn. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 sí ìgbà tí ìwé yín dé kánsù, ìkéde gbọ́dọ̀ jáde, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà ní àdúgbò. Ta ló ń kà á? Àwọn aládùúgbò mi ò mọ̀ pé ìwé ìròyìn ọ̀hún wà. Mo sanwó náà, mo ń kùn sínú. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí kánsù ṣe fi àpẹẹrẹ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí aráàlú lè kọ̀wé ta kò mí.

Ọjọ́ tí ìwé ìròyìn jáde, mo ra ẹyọ kan, mo ṣí i lórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀wà. Orúkọ mi wà ńbẹ̀, àdírẹ́sì wà ńbẹ̀, wákàtí wà ńbẹ̀. Déètì tó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko gé kúrò. Mo ka á, mo tún un kà. Mo pe àbúrò mi pé kó bá mi kà á, bóyá ojú ló ń ṣe mí.

Mo tẹ kánsù láago. Obìnrin tó gbé e ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ aráàlú, ìkéde náà ò ka sí nǹkan kan. Mo tẹ ilé ìwé ìròyìn láago. Ọmọkùnrin tó dáhùn ń pè mí ní olólùfẹ́ rẹ̀, bí àwọn Òyìnbó ṣe máa ń ṣe tí wọn ò bá ní ràn yín lọ́wọ́. Ó ní kí n sanwó ìkéde tuntun. Èmi! Mo ní kó ṣí lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́, kó ka déètì inú rẹ̀ sí mi létí. Ó dákẹ́. Ó ní òun ń bọ̀, orin ń lù mí létí, ó já a. Mo tún pè, ẹlòmíì gbé e, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn. Nígbà tí ọ̀gá wọn gbà nígbẹ̀yìn pé àwọn á tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ti ọ̀sẹ̀ yẹn ti kún, Thursday tó ń bọ̀ ni. Tí Thursday yẹn bá fi máa dé, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ti kọjá lọ.

Bí ọjọ́ 28 ṣe padà sí ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ìwé búlúù tuntun, déètì tuntun, fọ́tò tuntun láràárọ̀. Òde òmìnira ti 1 October tí mo ti gba owó àsansílẹ̀ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ilé òde mìíràn ló kó o. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ padà fún mi. Owó ilé ṣọ́ọ̀bù ò sì dúró de ìwé ìròyìn.

Ẹ̀ẹ̀kejì ló lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Aládùúgbò kan kọ̀wé nípa ariwo, mo sì lọ bá a nílé pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, a jọ gbà pé orin á dákẹ́ ní aago mọ́kànlá láàárín ọ̀sẹ̀, ó fa ìwé rẹ̀ padà. Àwọn ọlọ́pàá ní kí kámẹ́rà máa tọ́jú àwòrán fún ọjọ́ 31, kí n máa béèrè káàdì ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá jọ ọmọ tí kò tó 25, kí ọtí sì máa bá oúnjẹ rìn. Mo gbà. Kò sí ẹni tó ta kò mí mọ́, kánsù ò sì lè ṣe ju kó fọwọ́ sí i, bí òfin ṣe wí. Láísẹ́ǹsì náà wà lára ògiri mi nínú férémù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìyá mi.

Inki rẹ̀ ò tíì gbẹ tí ọkùnrin ẹlẹ́rọ tẹ́tẹ́ fi dé. Ó ní òfin tẹ́tẹ́ 2005 fún gbogbo ilé ọtí láyè ẹ̀rọ méjì, ká kàn fi ìwé àti £50 ránṣẹ́ sí kánsù, a ó sì jọ máa pín èrè. £1 lẹ́ẹ̀kan títẹ̀, £100 ni ẹ̀bùn tó tóbi jù. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bá ní ọtí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ rìn kò sí lára àwọn tí òfin yẹn fún láyè. Mo ní kó lọ kà á dáadáa. Bí òfin bá tiẹ̀ gbà á, mi ò ní gbà á. Ilé tẹ́tẹ́ kan wà níkorítá wa, níbi tí wọ́n ti lè fi £100 lẹ́ẹ̀kan títẹ̀ lórí ẹ̀rọ kí ìjọba tó gé e sí £2 ní 1 April 2019. Oníbàárà mi kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, máa ń gbé ìrẹsì tó rà lọ́dọ̀ mi síbẹ̀, ìrẹsì á tutù lórí ẹ̀rọ, á tún padà wá gba òmíràn láwìn. Mi ò fẹ́ irú rẹ̀ nínú ilé mi.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má sanwó ìwé ìròyìn kankan títí wọ́n á fi fi bí wọ́n ṣe tò ó hàn yín kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ sì fún ẹlòmíì kà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ti ọ̀sẹ̀ wọn kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí kánsù rárá. Owó ọdọọdún tún wà lọ́nà, £180 fún irú tèmi, tí ẹ bá sì jẹ ẹ́ pẹ́ jù, kánsù máa dá láísẹ́ǹsì dúró títí ẹ fi máa san án.