Fọ́tò ta ni, èrè ta ni? Bí aránṣọ ṣe lè tajà lórí WhatsApp láì tú àṣírí oníbàárà

Ẹni tó bá ní kí gbogbo aránṣọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kúrò lórí Facebook àti WhatsApp kí ọkàn wọn lè balẹ̀, kò tíì gba iṣẹ́ láti Libreville rí. Mo ní oníbàárà kan níbẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ ni, àwa méjèèjì ò tíì fojú kanra. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Wàǹdó ló gbé bùbá léèsì tí mo rán fún un sórí sítátù, ni ẹ̀gbọ́n bá ní kó bi mí iye tí mo gbà. Látìgbà náà, bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, aṣọ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé orí tábìlì mi. Pátákó ẹnu ọ̀nà ò lè ṣe ìyẹn fún mi láéláé.

Lọ́dún 2018 tí ìjọba Benin wa fẹ́ máa gba fàráǹkì márùn-ún lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan téèyàn bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn, ẹ ó rántí ariwo tó sọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n fagi lé e. Èmi mọ ohun tí mo ń torí ẹ̀ pariwo: ọjà mi ni.

Ewu náà sì wà o. Ìbéèrè tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi pé kí wọ́n bi ara wọn kí wọ́n tó gbé nǹkan jáde kò gùn: ta ló máa jẹ èrè rẹ̀, ta ló máa jẹ ìyà rẹ̀ bó bá dojú rú? Bó bá jẹ́ èmi kan náà ni, mo lè fara wewu. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo máa gbowó, tí ẹlòmíràn á sì gba ìtìjú, kò ní jáde àfi tónítọ̀hún bá fọwọ́ sí i.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa àṣírí orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fi ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà dẹ́rù bani. Mo máa dé ibẹ̀. Àmọ́ ní àdúgbò tiwa, àwọn tó kọ́kọ́ ń fi fọ́tò ṣeni níbi ni orogún, àna, ẹni tí a jẹ lówó, àti olè tó mọ ọ̀nà ilé wa. Obìnrin kan lè ti sọ fún ará ilé ọkọ rẹ̀ pé kò sówó lọ́wọ́ òun, kó wá gbé léèsì olówó gọbọi wá fún mi. Òmíràn ní ara òun ò yá, òun ò lè wá síbi ìsìnkú, ọjọ́ náà gan-an ló wá gba aṣọ. Ìyàwó ojú ọ̀nà ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí àrà tó fẹ́ dá títí di àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Kò sí èyí tó kàn mí nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé fọ́tò wọn sí sítátù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá gbaṣọ, èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wọn síta.

Nítorí náà, ìgbà tí ẹ bá ń wọn oníbàárà ni kí ẹ béèrè, ẹ má dúró dìgbà tó bá wọ aṣọ tán tó ń yí ara wò nínú dígí. Níwájú dígí, inú rẹ̀ ti dùn, gbogbo ohun tí ẹ bá bi í ló máa gbà. Alẹ́ ló máa tó rò ó dáadáa. Nínú ìwé ìwọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà àti ìbàdí rẹ̀, ẹ kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: «tojútojú», «aṣọ nìkan», «rárá». Ti ẹni tó bá ní aṣọ nìkan, ẹ gbé e kọ́ ara ère ìwọṣọ tàbí orí ìkọ́. Ẹ má fi wọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ o, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Orí tí a gé kúrò nínú fọ́tò kì í fìgbà gbogbo tó. Aṣọ ẹbí wà tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀, òrùka wà, ilà ara wà. Ní Àjàṣẹ́ yìí, èjìká lásán tó láti dá èèyàn mọ̀. Ohun tó ń gbà wá ni kí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kọjá kí fọ́tò tó jáde, kẹ́nikẹ́ni má lè mọ ọjọ́ tí aṣọ kúrò lọ́wọ́ wa. Fọ́tò kì í bu lórí fóònù.

Fídíò ṣọ́ọ̀bù léwu ju fọ́tò lọ, torí ara aṣọ lojú wa máa ń wà, a kì í wo ẹ̀yìn. Ìwé ìwọ̀n á ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìwọ̀n ìbàdí, àsansílẹ̀, gbèsè tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ lè dá fídíò náà dúró, kó fẹ̀ ẹ́, kó kà á. Ẹ pa ìwé dé kí ẹ tó gbé fóònù sókè, kí ẹ sì wo ohun tó wà nínú dígí, torí ẹni tó ń bọ́ṣọ lẹ́yìn kọ́tìnnì lè hàn níbẹ̀.

Ti ọmọdé, mo ti fi òfin de ara mi. Bí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé, kakí ló máa ń kún ṣọ́ọ̀bù, mo sì lè gbé kakí náà jáde lórí ìkọ́. Ọmọ tó wọ aṣọ tí orúkọ ilé ìwé wà láyà rẹ̀, tí màmá rẹ̀ tún kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò, àjèjì ti mọ orúkọ tí yóò fi pè é àti ẹnu ọ̀nà tí yóò dúró sí dè é. Bí ìyá gbà, ọmọ fúnra rẹ̀ ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń gbà fún un.

Ó wá ku ewu tèmi. Nọ́ńbà tí mo fi ń tajà yàtọ̀ sí èyí tí mo fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Lórí Mobile Money, ẹni tó bá fẹ́ fowó ránṣẹ́ máa ń rí orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí owó má ṣìnà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí mo lẹ̀ mọ́ gbogbo fọ́tò ń sọ orúkọ mi fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo fara mọ́ ìyẹn, torí èmi ni mo ń jèrè rẹ̀. Mo kàn ń rí i pé owó kì í pọ̀ lórí nọ́ńbà náà.

Ẹni tó bá ń rán aṣọ nínú ilé, kó kọ orúkọ àdúgbò nìkan sórí Facebook. Ẹni tó ti san àsansílẹ̀ ni kó fi ọ̀nà ilé ránṣẹ́ sí. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, kó padà délé kó tó gbé fọ́tò jáde.

Bí ẹ ò bá tilẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn lónìí, ẹ ṣe èyí: nínú WhatsApp, ẹ lọ sí «Paramètres», «Compte», «Vérification en deux étapes», kí ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ ò ní gbàgbé. Iṣẹ́ àwọn gayman, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, rọrùn. Wọ́n á tẹ nọ́ńbà yín sórí fóònù tiwọn, WhatsApp á fi kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, wọ́n á wá pè yín pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé àwọn ṣèèṣì fi ránṣẹ́ ni, kí ẹ jọ̀ọ́ kà á fún àwọn. Bí ẹ bá kà á, àwọn ni ẹ̀yin nìyẹn: wọ́n á máa tọrọ owó lọ́wọ́ oníbàárà yín lórúkọ yín. Nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ yàn yẹn ni ìlẹ̀kùn kejì tí wọn ò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Mo ti kúrò nídìí gúrúpù oníbàárà. Nínú gúrúpù, gbogbo èèyàn ló ń rí nọ́ńbà gbogbo èèyàn, ọkùnrin aláìníṣẹ́ kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìfẹ́ sí ìyàwó oníyàwó. «Liste de diffusion» ni kí ẹ lò: ẹ lè kó tó 256 èèyàn sínú ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń rí ẹnìkejì, àwọn tó fi nọ́ńbà yín pamọ́ nìkan ló sì ń gbà á.

Ní ti ilé iṣẹ́ ńlá náà: Meta ló ni Facebook àti WhatsApp. Láti 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ wa pa tí òun fúnra rẹ̀ ò fi lè kà á, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ti Facebook ló burú jù. Ní 2018 ni ayé gbọ́ pé ìsọfúnni nípa èèyàn tó lè tó mílíọ̀nù 87 ti bọ́ sọ́wọ́ Cambridge Analytica, tó ń báwọn olóṣèlú ṣiṣẹ́. Bíi 270,000 péré ló lo áàpù tó fa gbogbo rẹ̀, èyí tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè nípa ìwà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn orí Facebook lèyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Ẹnì kan ló dáhùn ìbéèrè, ẹlòmíràn ló san án. Bí áàpù kan bá ní òun fẹ́ wo orúkọ inú fóònù mi, tí kò sì nídìí, rárá ni mo ń tẹ̀, torí oníbàárà mi ló wà níbẹ̀.

Òfin wà pẹ̀lú. «Code du numérique» ti 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí a pa ohun tó jẹ́ tirẹ̀ rẹ́, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, ní Kútọnu sì ni wọ́n ń fẹjọ́ sùn. Ẹ má jẹ́ kó débẹ̀. Bó bá ní kí ẹ yọ fọ́tò òun, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má bi í léèrè ìdí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó gbé e sórí tiwọn náà, kí ẹ sì wo «Catalogue» inú WhatsApp Business, torí ibẹ̀ la máa ń gbàgbé.